Ère ńlá kì í ṣe ère kékeré tó kàn ga sí i

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú mi dùn pé ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ lórí iṣẹ́ ère kíkùn, ìyẹn fífi ọ̀dà kun ère ènìyàn oníke. Ṣùgbọ́n mo tako ohun tí àpilẹ̀kọ náà fi parí, pé ẹni tó bá ti mọ ère kékeré í kùn ti mọ ti ńlá náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ẹyinjú bẹ̀rẹ̀. Ojú ènìyàn gidi fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 30. Lára ère tó ga ní mìlímítà 54, ìyẹn ìwọ̀n 1/32 (ìdá kan nínú 32 ènìyàn gidi), kò pé mìlímítà kan. Tó bá ti gba àmì dúdú kan, ó tó. Lára ère ìwọ̀n 1/6, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, ojú kan náà di mìlímítà 5, ẹyin àárín rẹ̀ sì di mìlímítà 2. Kò síbi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí mọ́. Funfun ojú kì í funfun báláú: ẹ fi búráùn díẹ̀ àti pupa tín-ín-rín pa á. Ipénpéjú òkè gbọ́dọ̀ bo orí ẹyin náà díẹ̀, kí òjìji rẹ̀ sì hàn lórí funfun. Bí funfun bá yí ẹyin náà ká, ère á kàn ranjú ni.

Ọ̀dà olómi tí àpilẹ̀kọ yín ní ká dà sí gbogbo ara ère náà kò bá ère ńlá mu. Lára ère kékeré, ó máa ń ṣàn wọ inú kòtò aṣọ. Lára ère ńlá, ẹ̀yìn ẹ̀wù àti iwájú orí gbòòrò. Bí omi ṣe ń gbẹ, ó ń wọ́ àwọ̀ lọ sí etí, á sì fi àbàwọ́n róbótó sílẹ̀. Inú kòtò nìkan ni kí ẹ fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kàn án sí.

Fún awọ ara, ọ̀dà elépo ni mo fara mọ́, nítorí kì í tètè gbẹ, ẹ ó sì ráyè pa ààlà àwọ̀ kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ẹ fi acrylic, ọ̀dà tí a ń fi omi pò, ṣe ìpìlẹ̀, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ fún ọ̀dà elépo sórí páálí, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí páálí fa epo rẹ̀ mu. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ère á máa dán gbinrin. Fún ẹni dúdú, ẹ po burnt umber (búráùn tó dúdú) àti burnt sienna (búráùn tó pọ́n). Níbi tí òjìji bá wà, ẹ fi ultramarine (búlúù tó jinlẹ̀) díẹ̀ kún umber, ẹ má fi dúdú, torí dúdú máa ń pa àwọ̀ kú. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà, yellow ochre (àwọ̀ ìyeyè bí amọ̀) ni kí ẹ lò. Funfun ni ọ̀pọ̀ ń lò níbẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ère hu eérú bí ẹni tó wẹ̀ tí kò para. Ẹ má gbàgbé pé àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, oríkèé ìka sì dúdú jù ú lọ. Ẹ má sì fi acrylic lé ọ̀dà elépo tí kò tíì gbẹ, yóò sán.

Gbólóhùn kan péré ni ẹ fi sọ̀rọ̀ títún ère gé kí ó lè dúró lọ́nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ gé apá níbi tí etí aṣọ tàbí oríkèé bá ti lè bo ojú ọgbẹ́. Ayùn máa ń jẹ díẹ̀ nínú ara ère, nítorí náà apá á kúrú bí ẹ kò bá dí àlàfo náà. Gúlúù nìkan kò lè gbé apá tó wúwo. Ó gbọ́dọ̀ ní wáyà nínú: mìlímítà 1 fún ère 1/16, 2 fún 1/6. Kí ihò méjèèjì lè bára mu, ẹ kán ọ̀dà tútù sí ojú kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì, ẹ wá lu ihò níbi tó bá kàn.

Lẹ́yìn náà ni amọ̀ epoxy, amọ̀ alápá méjì tó máa ń le bí a bá pò ó pọ̀, ìdajì sí ìdajì, tí a pò títí tí kò fi sí ìlà àwọ̀ méjì nínú rẹ̀ mọ́. Òun ni ẹ ó fi tún aṣọ ère náà mọ. Bí apá bá tẹ̀, aṣọ á wún jọ sínú igunpá, á sì fà le lẹ́yìn rẹ̀. Bí apá bá lọ sókè, ìlà aṣọ á fà láti ìhà gba abíyá lọ sí ejìká. Ẹni tó bá yí apá tó fi ìṣẹ́po aṣọ ti àtẹ̀yìnwá sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wo ère náà ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan wọ́, kódà bí wọn ò bá mọ ohun tí í ṣe.

Ère ike rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní vinyl ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Omi gbígbóná ni a fi ń rọ̀ ọ́ kí a tó gé e. Ọ̀dà enamel, èyí tí a kì í fi omi pò, lè má gbẹ lára rẹ̀ láéláé, acrylic ni kí ẹ lò.

Olóòtú, ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àpilẹ̀kọ náà ní kí àwọn òǹkàwé fi sáńpépà ha rẹ́sìnì, ìyẹn ike líle tí wọ́n fi ń rọ ère, kò sì sọ ohun kan nípa eruku rẹ̀. Eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Inú omi ni kí wọ́n ti ha á, kí wọ́n bo imú àti ẹnu, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nu tábìlì. Kí wọ́n má gbá a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìlà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, kódà bí àyè kò bá gba ìyókù lẹ́tà mi.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín