Wọ́dà ni Rick Ross nígbà kan rí

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Onígbàjámọ̀ ni mí ní Sábó, Sàgámù. Orin ràápù àwọn ará Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ tó ń gẹrun lọ́dọ̀ mi máa ń fẹ́ gbọ́, pàápàá ti àwọn tó ní oògùn olóró làwọn tà káwọn tó dolówó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 sọ fún mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù gan-an.

Ẹ wo Rick Ross, ọ̀kan nínú àwọn olórin ràápù yẹn. Orúkọ ọkùnrin ará Los Angeles kan tó ta kokéènì rẹpẹtẹ, tó sì ṣẹ̀wọ̀n, ló mú. William Roberts ni orúkọ olórin náà gan-an. Ní 2008 ni ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ wọ́dà: ó ṣiṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Florida láti ìparí 1995 di 1997. Ó kọ́kọ́ sẹ́ kanlẹ̀, ó ní wọ́n lẹ orí òun mọ́ ọrùn ẹlòmíràn ni. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́. Ẹni tó ni orúkọ pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní California dá olórin láre. Àwọn adájọ́ ní ìtàn àròsọ nípa títa oògùn ló sọ di orin.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Ọlọ́pàá mú olórin ràápù Notorious B.I.G. ní North Carolina ní 1991 torí pé ó ta oògùn, ó sì lo oṣù 9 látìmọ́lé. Ti 50 Cent, olórin ràápù mìíràn, náà wà lákọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ní 1994, ìgò kékeré 4 tí kokéènì wà nínú ẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ mú un, ọlọ́pàá tó wọṣọ ilé ló sì rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún ká oògùn mọ́ ọn nílé. Níbo ni owó ńlá wà nínú ìyẹn? Orin ló sọ ọ́ dolówó.

Àwa náà mọ àsọdùn. Bí onílù bá ń kì ọ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ó lè ní ọwọ́ lásán ni baba ńlá rẹ fi pa ẹkùn, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè awọ ẹkùn náà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń kì ọ́, tọmọdé tàgbà sì mọ̀ pé oríkì ni. Olórin ràápù ń kira ẹ̀, ó tún ń búra pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo mọ ẹni tó ta oògùn olóró lóòótọ́. A jọ kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n dé. Bí wọ́n bá dárúkọ oògùn níbi tó wà, ńṣe ló máa dìde kúrò níbẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ létí àwọn ọmọ rẹ̀ títí dòní.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọ nípa àwọn olórin yìí, ẹ máa sọ èyí tó ní ẹ̀rí àti èyí tó jẹ́ ẹnu lásán. Ẹ sì bá mi tẹ fọ́tò wọ́dà yẹn, kó tóbi dáadáa. Màá gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tójú ọmọ yẹn máa bá a tó bá ti jókòó.

Onígbàjámọ̀ kan,
Sábó, Sàgámù.