Ẹ̀yìn Gíláàsì Ni Kí Ẹ Lẹ Ọ̀ṣọ́ Àpótí Ẹja Mọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí gíláàsì, pàápàá jù lọ àwọn tó ń ta ohun èlò rẹ̀ fún wa, nítorí ohun tí ojú mi rí nílé lọ́dún tó kọjá kò yẹ kó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Àpótí ẹja tèmi ń gba omi tó bí 200 lítà, ó sì ti lo ọdún 3 ní pálọ̀ mi láìsí wàhálà kankan, àfi pé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ àti wáyà iná ń hàn láàárín ewéko omi. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹni tí mo ń ra oúnjẹ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní pátákó fóòmù tí wọ́n gbẹ́ bí àpáta ló dára jù, pé inú àpótí ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó kó ẹja mi 14 sínú ike, ó da omi nù, ó fi omi ẹ̀rọ fọ òkúta wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ títí ó fi mọ́ tónítóní, ó fi gọ́ọ̀mù sílíkónì lẹ pátákó náà, ó sì da omi tuntun sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn kíkan bíi ti omidùn ti gba pálọ̀ kan. Ìsàlẹ̀ pátákó náà ti ṣí kúrò lára gíláàsì, ẹja wúrà kan sì há sáàárín méjèèjì, ó ń lanu, ó ń panu dé, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti bó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, àwọn ẹja sì kóra jọ sókè, wọ́n ń wá èémí. 9 nínú wọn ló kú.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, májèlé sì ni fún ẹja. Àwọn bakitéríà, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé lára òkúta àti nínú fílítà tó ń sẹ́ omi àpótí, ló ń sọ ọ́ di ohun tí kò lewu tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó, kilorínì, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, sì ń pa wọ́n. Ohun tí ọkùnrin náà pè ní ìdọ̀tí, tó fọ̀ dànù, òun ló ń dá ẹ̀mí ẹja mi sí. Gọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú ń fẹ́ gíláàsì gbígbẹ, ó sì yẹ kó lo wákàtí 24 sí 48 kí omi tó kàn án.

Àpótí tó bá ti ní ẹja, ẹ̀yìn rẹ̀ lóde ni kí ẹ ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ má sún un o, nítorí omi 200 lítà jẹ́ kìlógíráàmù 200, gíláàsì sì lè sán. Ẹ fi fínígà sára aṣọ nu ojú gíláàsì ẹ̀yìn, kó gbẹ. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ tẹ́ pósítà lé e, kí ẹ sì fi káàdì àtijọ́ ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá kù sí yóò máa dán bíi dígí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dí etí òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí omi má baà ṣàn wọ àárín wọn.

Pósítà dúdú ni mo lò. Nínú ẹja 5 tó kù fún mi, 2 jẹ́ Pelvicachromis pulcher, ẹja kékeré tí odò gúúsù Nàìjíríà níbí jẹ́ orírun rẹ̀. Ìdí fílítà ni wọ́n máa ń sá sí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ń jáde lọ́sàn-án gangan, ikùn abo sì pọ́n dẹ̀dẹ̀.

Mo mọ̀ pé èrè orí pósítà kò tó ti fóòmù. Síbẹ̀, mo bẹ ẹ̀yin olùtajà: kí ẹ tó gbowó, ẹ bi oníbàárà bóyá ẹja ti wà nínú àpótí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó fóòmù yín pé àpótí tuntun tí kò tíì rí omi ló wà fún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.