Ẹ̀sùn kẹrin lórí ìrìnàjò Ba Bể: Ọjọ́ Ẹtì wo gan-an lẹ ń sọ?

Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kẹrin rèé. Orúkọ mi àti nọ́ńbà ìwé owó mi wà nínú kọ̀ǹpútà yín, mi ò ní tún un kà mọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti kà á sórí fóònù.

Alẹ́ méjì ní adágún Ba Bể ní orílẹ̀-èdè Vietnam lẹ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi: ká sùn nílé orí òpó lọ́dọ̀ àwọn Tày, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ní abúlé Pác Ngòi, ká wọkọ̀ gba inú ihò Puông tí odò Năng là já, ká gbọ́ then, orin ìbílẹ̀ wọn, tí ẹ ń yangàn nínú ìwé ìpolówó pé UNESCO kọ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá lọ́dún 2019. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo rí gbà. Obìnrin kan jókòó létí omi, ó gbé tính lé itan, ohun èlò olókùn tí igbá jẹ́ ìdí rẹ̀. Ó ń fa okùn rẹ̀ le lọ́wọ́ ni ọkọ̀ yín fun fèrè. Mo rí okùn, mi ò gbọ́ orin.

Ìyẹn náà ti lọ. Ohun tí kò gbà mí lọ́nà ọ̀fun ni èyí tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn tí mo ń pè yín.

Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù yín ní, "Mummy, ṣebí ẹ ṣáà rí adágún náà?" Mo rí i. Ẹni tó gba iwájú òde ìnáwó kọjá náà rí ìrẹsì. Ó ní kí n dúró, òun fẹ́ pe ọ̀gá òun. Mo gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú 22 (orin yẹn kò tiẹ̀ dáa), fóònù bá kú. Nígbà kẹta tí mo pè, kò mọ̀ pé mo ṣì wà lórí ìlà, mo gbọ́ ọ ketekete: "Ìyá yẹn ló tún dé o, ẹ sọ pé mi ò sí." Ọdún 34 ni mo fi ṣe tíṣà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀wà hù ní tiẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bẹ̀ mí, ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì, Mà, kó tó di agogo mẹ́rin, owó yín á ti wọlé." Ọjọ́ Ẹtì mẹ́fà ti kọjá. Mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, ó kà á, àmì ti di búlúù, ó dákẹ́. Tí kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì yín kò bá ní Ọjọ́ Ẹtì, ẹ sọ fún mi.

Erékùṣù kékeré kan wà láàárín omi Ba Bể, Bà Góa, ìyẹn Opó. Àwọn Tày ní arúgbó alágbe kan wá síbi ọdún, gbogbo ilé ló lé e, àfi opó kan tó gbà á sílé. Lóru, ilẹ̀ rì, omi bo ìlú. Ilé opó yẹn nìkan ni kò rì. Èèpo ìrẹsì tí arúgbó náà fún un di ọkọ̀, ó fi ń gba èèyàn là. Ẹni tó mú wa kiri sáré sọ ọ́ bí a ṣe ń padà wọ ọkọ̀. Mo ti ń rántí rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti ń lé mi láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn. Mi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni o.

Owó alẹ́ méjèèjì ni mo fẹ́, pátápátá. Ẹ gbé ẹ̀dínwó "ìrìnàjò yín tó ń bọ̀" yẹn sọ́dọ̀. Mo sì fẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ọmọbìnrin yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Obìnrin 26 nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bi mí bóyá kí àwọn bá yín lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.

Ẹ má pè mí. Ẹ fi owó ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá yẹn