Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Ilé Tíṣà Kúrò Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lókè òkun, a kí yín o.

Katakata tó ń fẹ ọ̀nà ti sún mọ́ Ilé Tíṣà. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri rẹ̀. Òkè ilé yẹn ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà fún àwọn ìyá wa tí ọmọ wọn wà l'Ékòó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn kòkó. Èmi náà ti jókòó lórí àkàsọ̀ rẹ̀ rí, tí ìyá àgbà mi di ọwọ́ mi mú, tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

Ìpàdé ti pinnu pé ká tú ilé náà, ká tún un tò sórí ilẹ̀ tí Kábíyèsí fún wa lẹ́bàá gbọ̀ngàn, kó di mùsíọ́mù ìlú wa. Àwọn kan ń bèèrè pé ṣé wọ́n ń gbé ilé ni. Ògiri amọ̀ ìsàlẹ̀ kò ṣeé gbé, a ó mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n pákó ìrókò ni gbogbo òkè rẹ̀. Káfíńtà yóò kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan kó tó yọ ìṣó rẹ̀. Ilé tó di mùsíọ́mù ní Calabar, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gé pákó rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, tí wọ́n sì tò ó ní 1884. Ó ṣì dúró. Ilé Ilojo tí àwọn Àgùdà kọ́ l'Ékòó ńkọ́? Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016.

Owó tí a dá ni ₦15,000 fún ẹni tó wà nílé, £50 fún ẹni tó wà lókè òkun. Kí àwọn opó àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì mú ohun tí agbára wọn ká wá. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ san án sí. Akápò yóò máa ka orúkọ àti iye owó níwájú ìpàdé lóṣooṣù.

Owó nìkan kọ́ là ń wá. Ẹ yẹ àpótí àwọn òbí yín wò: rìsíìtì owó orí, síléètì, fọ́tò, òṣùwọ̀n kòkó, ẹ má dà wọ́n nù. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tó gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n fi àmọ́kù (ibùsùn tí àwọn èèyàn máa ń gbé rù) gbé sára rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló wà láti 1924. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fojú rí i gbọ́dọ̀ gba físà. Mi ò fẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀.

Bí òjò bá ti dá ni káfíńtà máa ṣí páànù, torí pákó tí òjò bá pa yóò wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí owó yín ti wọlé kí ọyẹ́ tó dé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́