Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Ka Agbo Yín

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìmúra ìwọlé àwọn ọmọ.

Olùṣọ́-àgùntàn inú Lúùkù 15 kì bá tí mọ̀ pé ọ̀kan sọnù bí kò bá ka agbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń bọ́ láti Praimari 6 sí JSS 1 ní Àgbádárìgì wa yìí nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án, orúkọ wọn á kún inú rẹ́jísítà. Tó bá fi máa di oṣù kìíní, ìjókòó kan á ti ṣófo, kò ní pẹ́ di méjì.

Ní praimari, tíṣà kan náà ló ń wo ọmọ láti àárọ̀ títí di ìgbà ìjáde. Ní JSS, ti Ìṣirò á wọlé, á jáde, ti Gẹ̀ẹ́sì á wọlé. Bí ọmọ bá sá, kálukú á rò pé ẹlòmíràn ti rí i.

Sáà kan tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13, ọjọ́ ìwé 65. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí ọjà Agbálátà lọ́jọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ti pàdánù ọjọ́ 13. Bí wọ́n bá kọ́ ìdá lọ́jọ́ tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n wá bọ́ sórí ìdá ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kejì, á kàn jókòó ni. Máàkì iṣẹ́ kíláàsì, tó jẹ́ 40, á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba 30 nínú 60 ìdánwò, tó ní 20 nílẹ̀, ti ní 50. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀, 30 náà ló ní.

Lálẹ́ Sátidé, ẹ gba ìwé Ìṣirò ọmọ yín. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe dára tó. Déètì ni kí ẹ wò, àti yíǹkì pupa. Bí déètì bá fò láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 20, ẹ bi í pé ibo ló wà láàárín. Bí ẹ ò bá rí yíǹkì pupa rárá, ẹ lọ kí tíṣà rẹ̀, ìjà kọ́ o. Lẹ́yìn náà, kí ó ka Bíbélì sókè fún yín. Ẹ má fún un ní Sáàmù 23, orí ló ti mọ ìyẹn! Ẹ ṣí ibi tí kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ láìlè kà á, ìtìjú ló sì ń lé wọn kúrò níwèé.

Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ ọdún 9 àkọ́kọ́ níléèwé, láti Praimari 1 dé JSS 3, di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ọ̀fẹ́ náà kò kan bàtà àti owó ọ̀kadà. Ìlú tí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman mú ìhìnrere wọ̀ ní 1842 ni tiwa, a sì ń fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti 1845, yangàn fún àlejò. Ojú ń tì mí tí ọmọ ibẹ̀ bá fi ìwé sílẹ̀ nítorí bàtà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ JSS 1 inú kíláàsì yín, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣaláìní, kí ẹ fún Ìyá Ìjọ lẹ́yìn ìsìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó tún ka orúkọ náà ní oṣù kìíní.