Lẹ́tà sí Àlàbí: ẹṣin ló kún ẹnu àwa onítírélà

Àlàbí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́. Ìlú kan tó ń jẹ́ Ontario, ní California, ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nínú ọgbà tí àwa onítírélà máa ń sùn sí. Wọn ò tíì já ẹrù mi, mo wá ráyè dá ọ lóhùn lórí ohun tí o bi mí ní WhatsApp, pé irú èdè wo ni mò ń sọ tí mo bá ń ròyìn iṣẹ́ mi, tí mo ń pe "reefer", tí mo ń pe "Jake", tí mo ń pe "bobtail" bí ẹni ń pọfọ̀.

Ẹṣin ni, Àlàbí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa níbí, ara ẹṣin ni wọ́n ti já a. Kí mọ́tò tó dé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló ń kó ẹrù káàkiri Amẹ́ríkà. "Team" ni wọ́n ń pe àwọn ẹṣin tí wọ́n so pọ̀ láti fa kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń dà wọ́n ni "teamster". Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn dúró lọ́dún 1903, orúkọ yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹṣin ti kúrò lójú títì tipẹ́, àmọ́ Teamsters ni wọ́n ṣì ń jẹ́ dòní, orí ẹṣin méjì sì wà lára àmì ẹgbẹ́ náà. "Bobtail", ẹṣin tí wọ́n gé ìrù rẹ̀ kúrú ni. Tí mo bá tú tírélà sílẹ̀, tí mo wá ń wa orí rẹ̀ nìkan lọ, wọ́n á ní bobtail ni mò ń wa. Tí o bá rí i lójú títì, wàá gbà pé orúkọ náà bá a mu: iwájú gàgàrà, ẹ̀yìn ò sí níbẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni "fifth wheel", ìyẹn ẹsẹ̀ karùn-ún. Ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi títí, o ò ní rí i láàárín wọn. Irin ńlá pẹlẹbẹ kan ni, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn orí tírélà, gírísì dúdú bò ó, ó sì la ẹnu sẹ́yìn. Irin mìíràn tó ki, tó kúrú, yọ sílẹ̀ lábẹ́ tírélà. Tí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lábẹ́ tírélà, irin yẹn á wọ ẹnu, eyín inú ẹnu á pa dé, wàá gbọ́ "gbà!" Ariwo yẹn ò tó fi ẹ̀rí jẹ́ o. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá mú tọ́ọ̀ṣì, màá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá eyín ti di irin mú gbágbá. Màá tún padà sókè, màá jẹ́ kí bíréèkì tírélà wà níbẹ̀, màá fi jíà kékeré fà á wò. Awakọ̀ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tírélà lè já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì.

Kí ló wá sọ ọ́ di ẹsẹ̀ karùn-ún? Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè yí kó tó lè kọrí síbòmíràn. Wọ́n á wá fi irin róbótó kan lélẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti bọ́dì, kí ọ̀kan lè máa yí lórí èkejì. Irin yẹn ló jẹ́ ìkarùn-ún. Lọ́dún 1914, ní Detroit, oníṣòwò pákó kan tó ń jẹ́ Frederic Sibley ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ Ford òun fa ọkọ̀ ojú omi. August Fruehauf, alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ló bá a ṣe ohun tó fi fà á, ibẹ̀ sì ni tírélà ti gbilẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣe irin tí yóò máa so orí mọ́ tírélà, orúkọ ti wà nílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ṣin.

Lánàá mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Cajon wá sí apá San Bernardino. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì láti òkè yẹn dé ìsàlẹ̀, iná ló máa bá lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Bíréèkì ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní Jake la fi ń sọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì á fún atẹ́gùn pọ̀ nínú sílíńdà, iṣẹ́ ńlá nìyẹn; kí atẹ́gùn ọ̀hún tó lè ti písítìn padà, Jake á ṣí fáàfù, á tú u dànù. Agbára ti bá ẹ̀fúùfù lọ nìyẹn, ọkọ̀ á máa rọra rìn, á sì máa ké gbà-gbà-gbà-gbà. Ariwo náà pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ìlú gbé pátákó síta pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Orí òkè yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1931, Clessie Cummins, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì tí ìwọ náà mọ̀, ń bá lọ́rì dísẹ́ẹ̀lì bọ̀ láti New York lọ sí Los Angeles. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Cajon ni bíréèkì kọ̀. Rélùwéè ẹlẹ́rù ń kọjá ní ìsàlẹ̀. Ìrù rẹ̀ kọjá tán báyìí ni lọ́rì wọn gba ibẹ̀ já. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló ṣe bíréèkì tó ń lo ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ Jacobs, àwọn tó ń ṣe ẹnu dírílì, ló sì gbé e jáde lọ́dún 1961. Bí Jacobs ṣe di Jake nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó ronú kàn án, kò rí orúkọ níbẹ̀. Ẹni tó rọ ọ́ tà ló gbà á.

Ti reefer tún dùn mí ju ìyẹn lọ. Tírélà onífíríìjì ni, òun ni mo fà wá síbí, adìyẹ ló kún inú rẹ̀. "Refrigerator" ni wọ́n gé kúrú. (Má pè é láàárín àwọn tí kì í ṣe awakọ̀ o, igbó ni àwọn kan mọ̀ sí reefer.) Látijọ́, yìnyín ni wọ́n ń kó ti ẹran, tí ọkọ̀ bá pẹ́ lọ́nà, ẹrù ti bàjẹ́. Adúláwọ̀ kan, Frederick McKinley Jones, tí wọ́n bí lọ́dún 1893, tí kò kàwé jìnnà, tó fi ojú ara rẹ̀ kọ́ mẹkáníìkì, ló ṣe ẹ̀rọ tútù tó lè fara da gbígbọ̀n lórí lọ́rì ní nǹkan bí ọdún 1938. Òun àti Joseph Numero ni wọ́n dá Thermo King sílẹ̀ ní Minneapolis. Ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tó ti kú. Ẹṣin rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbà lẹ́nu awakọ̀, Jones ò rí ẹyọ kan.

"Ten-four", ìyẹn "mo ti gbọ́", tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Ọlọ́pàá ló ni ín. Charles Hopper, tó wà nídìí rédíò àwọn ọlọ́pàá ní Illinois, ló ṣètò rẹ̀ lọ́dún 1937. Rédíò ìgbà yẹn máa ń gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mì kó tó gbóná, ni wọ́n bá ń fi "ten" ṣáájú kí ó rí nǹkan gbé mì. Nígbà tí epo wọ́n lọ́dún 1973, tí ìjọba tún ṣòfin lọ́dún 1974 pé kí ẹnikẹ́ni má sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan lọ, àwọn awakọ̀ ra rédíò, wọ́n gba ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n sì fi ń sọ ibi tí ọlọ́pàá sá pamọ́ sí fún ara wọn. Mo fẹ́ràn èyí gan-an.

Àwa ò rí ẹṣin pè nílé. Irú eṣinṣin kan ń pa á nínú igbó, orí àti èjìká alárù ló ń kó ẹrù kí lọ́rì tó dé. Èrò la wá fi sọ tiwa: àgbérò, tó ń gbé èrò wọ ọkọ̀ kó tó di ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ìjà la fi sọ bọ́lẹ̀kájà. Pákó ni bọ́dì, bẹ́ǹṣì ni ìjókòó, orúnkún ń lu orúnkún, kọndọ́kítọ̀ sì ń pe èrò níjà pé bọ́ sílẹ̀ ká jà.

Bàbá máa ń wa lọ́rì Bedford nígbà yẹn, wọn ò sì ní gbàgbé. Bá mi jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo nǹkan, láti jáàkì dé igi tí ọmọ ọkọ̀ fi ń wẹ́jì lórí òkè. Gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má bá wọn gé e kúrú o. Ọ̀nà Arizona gùn, màá rí àyè gbọ́ ọ tán.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, Akin