Sí Àkànní, Lẹ́yìn Tí A Sin Bàbá Lọ́yà

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ò gbé e. Àbúrò rẹ ní kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ yìí ju ti fóònù lọ. Mo mú bírò.

A ti sin Bàbá Lọ́yà. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n ti kírun sí i lára. Sátidé tó kọjá ni fídáù ọjọ́ kẹjọ. Èrò kún láti ẹnu ọ̀nà dé títì. Àwọn apẹja wá láti Marina Ẹ̀pẹ́ níbí, àwa ọlọ́jà Olúwo pa ìsọ̀ tì, kódà àwọn tó ti bá ṣe ẹjọ́ tó sì jàre wọn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sunkún. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé, "Ọmọ tó máa ń gbé báàgì fún Lọ́yà dà?" Mo ní o wà lọ́nà. Irọ́ ni mo pa, nínú ilé òkú, Àkànní.

Ṣé orúkọ rẹ ló wà lábẹ́ ìwé yẹn?

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Ìyá Ìbejì tó ń ta àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìbátan ọkọ òun kan, ìyá arúgbó, wà lábúlé kan lápá ọ̀nà Lekki. Àwọn kan gbé ìwé wá bá a ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní owó ìrànwọ́ ìjọba ni, kó tẹ̀ka. Màmá tẹ̀ka. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí katapílà fi dé orí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ rí ẹ̀dà ìwé náà gbà, orúkọ lọ́yà tó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀, orúkọ náà sì jọ tìrẹ. Ìyá Ìbejì ò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹja ló ń wò.

Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn.

Ìwọ náà mọ ibi tó o ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Yàrá kan ṣoṣo nítòsí kọ́ọ̀tù, bẹ́ǹṣì kan níta, fáànù tó ń ké. Ṣé o rántí àwo kékeré tó wà lórí tábìlì rẹ̀, tí àbọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀? Bí àgbàlagbà bá tẹ̀ka tán, Bàbá Lọ́yà fúnra rẹ̀ ni yóò di àtàǹpàkò náà mú, yóò máa fi ọsàn pa á, yóò sì máa fi aṣọ nù ún títí íǹkì á fi kúrò. Kó tó kan ọsàn ṣá o, yóò ti ka ìwé náà ní Yorùbá látòkè délẹ̀, yóò ní kí onítọ̀hún sọ ohun tó gbọ́. Bó bá ṣì í sọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ka ìwé olójú ewé mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta fún apẹja kan, tí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń kùn lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òfin ló sọ pé ẹni tó bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Ó ní torí kí wọ́n lè rí i mú ni.

Orúkọ rẹ, Àkànní.

Bí iná bá lọ lálẹ́, ìtàn Olóyè Olúwa ti Èkó ló máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọdé. Amodu Tijani, tí ìjọba gba ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àpápá, tó gbé ẹjọ́ náà dé London, tí Herbert Macaulay bá a lọ, tí wọ́n sì dá a láre ní 1921. Ìwọ lo máa ń ní kó tún un sọ. Ìwọ lo ní o fẹ́ ṣe lọ́yà torí ẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé ni? Àbí ilẹ̀ tó ti di wúrà ní gbogbo ọ̀nà yìí látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìfọpo Dangote ló fọ́ ọ lójú? Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́ bíi tiwa, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, ló bu ọwọ́ lu òfin àwọn ajàgungbalẹ̀ ní 2016. Ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n ni fún ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ìwọ lo kà á fún mi nínú ìwé ìròyìn, inú rẹ dùn lọ́jọ́ náà.

Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ti ń jò. Fíríìsà ti kú, ẹja yíyan nìkan ni mò ń tà báyìí. Àbúrò rẹ ti lóyún, oṣù kẹrin. Owó òrùlé tó o ní o máa fi ránṣẹ́, mi ò tíì rí i, má sì fi ránṣẹ́ mọ́ títí màá fi mọ ibi tó ti wá.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ tí mo fà á ya, torí mi ò sọ eléyìí níbẹ̀. Ọdún tó o fẹ́ lọ sí Law School ní Bwari, mo sọ fún ọ pé àjọ ni mo kó. Mi ò kó àjọ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé ìwé ilẹ̀ bàbá wa wá pé kí n tẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo mọ̀ pé a ti ta ilẹ̀ yẹn fún obìnrin ará Ìjẹ̀bú-Òde kan. Mo tẹ̀ka. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n fún mi. Òun lo bá lọ.

Obìnrin ará Ìjẹ̀bú yẹn sá tọ Bàbá Lọ́yà wá. Lọ́yà wá bá mi nílé lálẹ́, ó gba omi mu, ó ní, "Ìyá Àkànní, kí ni wọ́n ní ó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ tẹ̀ka sí?" Mo ní mi ò mọ̀wé. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ mọ̀."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ra ilẹ̀ náà ṣìkejì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń san owó yẹn padà díẹ̀díẹ̀ lórí ẹja. Lọ́yà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, kò sì sọ fún ọ títí tó fi kú. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé ìgbà wo ni mo máa lọ sí ilé ìwé àgbà. Mo lọ. Òun ni mo fi ń kọ èyí.

Nítorí náà mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bú ọ tó bó ṣe ń ṣe mí. Ìgbà tí mo gbọ́ ti ìyá arúgbó yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo wò. Mo ń rò ó pé owó yẹn ni mo fi tọ́ ọ. Má bínú sí mi.

Bí kì í bá ṣe ìwọ, pè mí lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Bó bá jẹ́ ìwọ, wálé lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwa méjèèjì la jọ máa lọ sọ́dọ̀ màmá náà, wàá jókòó sílẹ̀, wàá ka ìwé yẹn fún un ní Yorùbá látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ká lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gba gáùn lára rẹ. Màá yan ẹja tí a ó jẹ, oko ẹ̀gẹ́ ti màmá ò sí mọ́.

Mo ti yan òbòkún kan pamọ́ fún ọ. Ìyàwó Lọ́yà ní ọkọ òun sọ kó tó kú pé báàgì awọ yẹn, tìrẹ ni, kí n gbé e lọ. Mo ní kó ṣì bá wa tọ́jú ẹ̀ ná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.